Àṣírí Ìlú àti Àṣírí Òṣìṣẹ́ Ìjọba: Ìkàléèwọ̀ Yíya Fọ́tò ní Ìta Gbangba Nítorí Ààbò

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ń gba ẹ̀bá bárékè ológun Odògbó kọjá n'Ìbàdàn mọ̀ pé kò yẹ kí òun yọ fóònù kí òun máa ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yìí kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà bárékè. Ó ń bá ènìyàn dé pápákọ̀ òfurufú, dé iwájú àgọ́ ọlọ́pàá, dé orí afárá, àti dé ibi tí àwọn agbófinró ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú pópó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹni tí ó gbé kámẹ́rà sókè lè gbọ́ ní gbogbo ibi wọ̀nyí: a kì í ya fọ́tò níbí, nítorí ààbò. Bí ó bá béèrè òfin tí ó sọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀ kejì.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ibi tí ìkàléèwọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, ohun tí òfin Nàìjíríà sọ nípa rẹ̀ ní pàtó, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìbẹ̀rù àwọn agbésùmọ̀mí mú kí a fún ọlọ́pàá ní àṣẹ tí kò ní ààlà. Lẹ́yìn èyí, ó lo ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta, ìyẹn àṣírí, awo àti èèwọ̀, láti ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí a máa ń fi orúkọ ààbò bò mọ́lẹ̀ pọ̀. Èkínní ni ìpamọ́ tí ń dáàbò bo ìlú. Èkejì ni ìpamọ́ tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ṣi agbára lò. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé èkínní nìkan ni òfin gbè lẹ́yìn, àti pé nígbà tí a kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́, ẹ̀rí tí ará ìlú lè gbé síwájú adájọ́ ni ó kọ́kọ́ ń sọnù.

Ìbẹ̀rù tí ó bí òfin náà

Ìbẹ̀rù àjèjì tí ń wo ìlú fín kì í ṣe ohun tuntun. Ní ayé ogun ilẹ̀ Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, odi ni ó yí àwọn ìlú ńlá ká, oníbodè sì wà lẹ́nu ibodè tí ń gba owó-ibodè, tí ó sì ń fojú sí àlejò tí ń wọlé. Àwọn olórí ogun a máa rán amí lọ wo ibi tí odi ti láàlà àti ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti dẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìlú tí kò bá kíyè sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ogun lè bá a lójijì.

Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni ó bí Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1911 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì kò gún nígbà náà, ariwo sì gba ìlú pé àwọn amí Jámánì wà káàkiri etíkun tí wọ́n ń ya àwòrán ibùdó ọkọ̀ ogun. Ní oṣù Ògọ́stù ọdún náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilé àwọn aṣojú-ṣòfin fi parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lórí àbá òfin náà. Abala kìíní rẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti sún mọ́ ibi tí a kà léèwọ̀, tàbí láti ya àwòrán tí ó lè wúlò fún ọ̀tá, bí ète ẹni tí ó ṣe é bá lòdì sí ààbò ilẹ̀ náà. Níbi tí òfin náà ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sọ pé fọ́tò wà lára ohun tí òun ń pè ní àwòrán. Ọdún 2023 ni a tó pa òfin yìí rẹ́, tí a fi òfin ààbò tuntun dípò rẹ̀.

Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960. Ní ọdún 1962, ó ṣe Òfin Àṣírí Ìjọba tirẹ̀, ojú ẹni tí ó bá sì ka méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé ọmọ jọ ìyá. Òfin náà ṣì wà nínú àkójọ àwọn òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004.

Kò ní tọ́ kí a sọ pé ìbẹ̀rù òde òní kò nídìí. Ní oṣù Júùnù ọdún 2011, bọ́ǹbù dún ní olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Àbújá. Ní oṣù Ògọ́stù ọdún kan náà, òmíràn dún ní ilé àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní ìlú yìí kan náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Júùnù ọdún 2022, àwọn agbébọn pa ó kéré tán ènìyàn 40 nínú ìjọ Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Bákan náà, ẹ̀rí wà pé ẹni tí ń gbèrò ibi lè lo kámẹ́rà. David Headley, ẹni tí ó ṣe amí ṣáájú ìkọlù Mumbai ti ọdún 2008 ní ilẹ̀ Íńdíà, fi kámẹ́rà fídíò ká àwòrán ilé ìtura Taj Mahal àti àwọn ibòmíràn bí ẹni tí ó wá ṣe ìrìn-àjò afẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan nínú ìtàn Headley. Ibi tí gbogbo àlejò ti ń ya fọ́tò ni òun náà ti yà á. Kì í ṣe kámẹ́rà ni ó yà á sọ́tọ̀ láàrin wọn, ète ọkàn rẹ̀ ni.

Ohun tí òfin ọdún 1962 sọ

Ọ̀rọ̀ ète yìí gan-an ni òfin Nàìjíríà fi ṣe ìpìlẹ̀. Abala kejì Òfin Àṣírí Ìjọba ka ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ tí ó jẹ mọ́ ibi tí òfin dáàbò bò: kí ènìyàn wọ ibẹ̀ tàbí kí ó máa rìn yí i ká; kí ó ya fọ́tò rẹ̀ tàbí ti ohun tí ó wà nínú rẹ̀; kí ó dí ẹni tí ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́; àti kí ó ní fọ́tò tàbí àwòrán ibẹ̀ ní ìkáwọ́. Ìjìyà tí ó ga jù lọ ni ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣíwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ète tí ó lòdì sí ààbò Nàìjíríà ni ẹni náà fi ṣe é.

Ohun méjì, nígbà náà, ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí fọ́tò tó di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ abala yìí. Àkọ́kọ́ ni ibi. Òfin náà túmọ̀ ibi tí a dáàbò bò sí ibùdó àwọn ológun orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfurufú. Ibi tí a ti ń ṣe ohun ìjà ìjọba tàbí tí a ń kó o pamọ́ sí. Àti ibòmíràn tí mínísítà bá fi àṣẹ yàn. Èkejì ni ète. Abala kẹta fi ìkàléèwọ̀ mìíràn kún un fún àsìkò pàjáwìrì, ó sì fún mínísítà láṣẹ láti yan ohun tí a kò gbọdọ̀ yà. Títì, ọjà, gáréèjì àti ibùdókọ̀ kò sí lára ibi tí òfin yìí dárúkọ. Ọlọ́pàá tí ó dúró lójú pópó pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ kò sọ ibi tí ó dúró sí di ibùdó ológun.

Lóòótọ́, onílé lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò nínú ilé òun, iléeṣẹ́ tí ó ń bójú tó pápákọ̀ sì lè ní ìlànà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn rú ìlànà onílé yàtọ̀ sí kí ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba lè tìtorí rẹ̀ gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Yorùbá gbà pé níbi tí òfin kò bá sí, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ irú ohun kan náà: abala 36(12) rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn àyàfi tí a bá ti kọ ọ̀ràn náà àti ìjìyà rẹ̀ sínú òfin. Irú ìlànà yìí ni ilé-ẹjọ́ gíga tẹ̀ lé nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ní ọdún 1961, nígbà tí ó fagi lé ìdálẹ́bi obìnrin kan tí kóòtù ìbílẹ̀ fìyà jẹ nítorí àgbèrè, nítorí pé kò sí òfin àkọsílẹ̀ tí ó sọ àgbèrè di ọ̀ràn ní agbègbè náà. Bí kóòtù kò bá lè dá ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ láti inú àṣà, ó ṣòro láti rí bí ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ṣe lè dá a sílẹ̀ láti ẹnu ara rẹ̀.

Abala 39 ìwé òfin kan náà fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn àti láti tàn án ká. Abala 45 gbà pé a lè dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò, ṣùgbọ́n òfin ni ó gbọ́dọ̀ dín in kù, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òfin tí ó tọ̀nà ní àwùjọ tiwantiwa. Àṣẹ ẹnu kò tó òfin.

Ohun kan tún wà tí ó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàrin òfin àti àṣà àwọn agbófinró. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí a bá mú pé ó ya fọ́tò máa ń gbọ́ àṣẹ pé kí ó pa á rẹ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Bí fọ́tò náà bá jẹ́ iṣẹ́ amí lóòótọ́, òun ni ẹ̀rí pàtàkì jù lọ tí ìjọba ní láti fi pe ẹjọ́. Ẹ̀ṣọ́ tí ó ní kí a pa á rẹ́ ti ba ẹjọ́ ìjọba jẹ́. Bí kò bá sì jẹ́ iṣẹ́ amí, kò sí ìdí fún pípa á rẹ́. Níhà méjèèjì, àṣẹ náà kò ṣe ààbò ìlú ní oore kankan.

Nígbà tí gbogbo ìlú di ibi èèwọ̀

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé òfin àkọsílẹ̀ nìkan kò tó, bí òfin náà kò bá ní ààlà. Abala 44 nínú Òfin Ìgbésùmọ̀mí ti ọdún 2000 fún ọlọ́pàá láṣẹ láti dá ẹnikẹ́ni dúró kí ó sì tú ẹrù rẹ̀ wò láìjẹ́ pé ó fura sí i, bí wọ́n bá ti yan agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 28 ni àṣẹ yíyàn náà lè lò kí a tó tún un ṣe. Láti oṣù Fẹ́búárì ọdún 2001, a yan gbogbo Lọ́ńdọ̀nù pátá, a sì ń tún un ṣe léraléra. Ohun tí aṣòfin gbé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ àti ibi díẹ̀ di òfin ojoojúmọ́ fún ìlú tí ó ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn.

Ní oṣù Sẹ́ńtẹ́ńbà ọdún 2003, wọ́n ń pàtẹ ohun ìjà ní gbọ̀ngàn kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ènìyàn sì ń ṣe ìwọ́de níbẹ̀. Ọlọ́pàá dá Kevin Gillan, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ síbi ìwọ́de náà, dúró. Wọ́n tún dá Pennie Quinton, akọ̀ròyìn tí ó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, dúró. Ó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní kí ó má ká fídíò mọ́. Àwọn méjèèjì pe ẹjọ́. Wọ́n pàdánù rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2006, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg.

Kí ẹjọ́ náà tó parí, òfin mìíràn dé. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2009, abala 58A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó sọ ọ́ di ọ̀ràn láti kó ìròyìn nípa ọmọ-ogun tàbí ọlọ́pàá jọ, bí ìròyìn náà bá jẹ́ irú èyí tí ó lè wúlò fún agbésùmọ̀mí. Àwọn ayafọ́tò bẹ̀rù pé fọ́tò ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́ lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì péjọ pẹ̀lú kámẹ́rà wọn síwájú olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ tí abala náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Jánúárì ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ Strasbourg dá Gillan àti Quinton láre. Ó ní àṣẹ abala 44 gbòòrò jù, kò sì sí ohun tí ó tó láti má jẹ́ kí a ṣì í lò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ọ̀pọ̀ ayafọ́tò tún péjọ ní gbàgede Trafalgar láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní oṣù Júláì, ìjọba dá lílo abala 44 fún títú ará ìlú tí a kò fura sí wò dúró. Òfin ọdún 2012 sì fi àṣẹ tí ó há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dípò rẹ̀.

Ìlànà tí àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn nípa fọ́tò ṣe kedere: ará ìlú kò nílò ìyọ̀ǹda láti ya fọ́tò ní ìta gbangba, ọlọ́pàá kò sì ní àṣẹ láti pa fọ́tò rẹ́ nígbà tí ó bá ń tú ẹrù ènìyàn wò.

Àṣírí, awo àti èèwọ̀

Nígbà tí a bá pe òfin ọdún 1962 ní Òfin Àṣírí Ìjọba, ìtumọ̀ yìí gbé ìṣòro kan pa mọ́ sínú ara rẹ̀. Àṣírí jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá, tí a sì gbà pé èdè Hausa ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ Yorùbá. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó sábà máa ń bá a rìn: bò àti tú. Ẹni tí ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí òun ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ayé má rí àìní òun. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú ti di ẹni ìtìjú. Àṣírí, nípa báyìí, sún mọ́ àbùkù. Ẹni tí ó ni ín ni ìpamọ́ rẹ̀ ń ṣe láǹfààní.

Awo yàtọ̀. Ìmọ̀ tí a fi pa mọ́ fún àwọn tí ó ti ṣe ètò rẹ̀ ni awo. Kì í ṣe ìtìjú fún ọ̀gbẹ̀rì pé kò mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe ìtìjú fún awo pé ó pa á mọ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún àlàyé yìí ni pé awo ní ààlà tí ojú ń rí. Màrìwò tí a ta sí ẹnu ọ̀nà igbó tàbí ojúbọ ń sọ fún ẹni tí ń bọ̀ pé ibi tí ọ̀gbẹ̀rì gbọ́dọ̀ dúró nìyí. Nígbà tí Orò bá fẹ́ jáde, a ń kéde ọjọ́ àti àkókò fún ìlú tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń ṣíwájú rẹ̀. Èèwọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ èèwọ̀ tirẹ̀, a sì ń sọ ọ́ fún ìyàwó tàbí àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹni tí a bá wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wí fún un.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìkàléèwọ̀ àtijọ́ ni ó tọ́. Ẹrù ìṣéde Orò wúwo lórí àwọn obìnrin, ìjìyà ẹni tí ó bá rú u sì le. Kíkéde òfin kò sọ ọ́ di òfin rere. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: pé ìkàléèwọ̀ tí kò ní ààlà, tí kò ní àkókò, tí ẹnikẹ́ni kò sì kéde, kò tilẹ̀ dé ìwọ̀n tí àṣà fúnra rẹ̀ béèrè.

Bí a bá fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wo fọ́tò, ìyàtọ̀ tí òfin ń wá yóò hàn. Fọ́tò tí ó fi ibi tí a kó ohun ìjà sí nínú bárékè hàn fọwọ́ kan ohun tí ó dà bí awo: ìpamọ́ rẹ̀ ń ṣe gbogbo ìlú láǹfààní. Fọ́tò tí ó fi ọlọ́pàá tí ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ hàn, tàbí ọmọ-ogun tí ń na ẹni tí ń kọjá lọ, kò fọwọ́ kan ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Àṣírí ẹnì kan ni ó tú. Ọ̀rọ̀ ètò ààbò ni a fi ń bo méjèèjì, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ nìkan ni òfin ọdún 1962 ń sọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ń sọnù

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni ó ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ fọ́tò fi kọjá ọ̀rọ̀ eré tàbí ìrìn-àjò afẹ́. Ní ilé-ẹjọ́, ẹni tí agbófinró ṣe ní ibi sábà máa ń dá wà: ẹnu tirẹ̀ nìkan ni ó ní, nígbà tí agbófinró ní ìwé àkọsílẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí yóò gbè é. Fọ́tò àti fídíò ti yí èyí padà. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ẹ̀rí tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wọlé, bí a bá mú ohun tí abala náà béèrè ṣẹ.

Ìwọ́de #EndSARS ti oṣù Òkìtóbà ọdún 2020 gbilẹ̀ lẹ́yìn tí fídíò kan láti Ughelli tàn káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù náà, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun dé ibi tí a ti ń gba owó ọkọ̀ ní Lẹ́kí, àwọn kan tí ó wà níbẹ̀ fi fóònù wọn gbé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ jáde ní ojú ẹsẹ̀ lórí Instagram. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní irọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbà pé àwọn ọmọ-ogun lọ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi wo fídíò, títí kan ti kámẹ́rà iléeṣẹ́ tí ń gba owó náà. Ó gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 2021, ìjọba sì tako apá kan nínú rẹ̀. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí iye ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n láìsí àwòrán tí àwọn ènìyàn yà lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan ni ì bá kù.

Ní òdìkejì, àǹfààní tí ìkàléèwọ̀ náà ń ṣe fún ààbò ń dín kù. Láti ọdún 2005 tí Google Earth ti jáde, ẹni tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì lè jókòó sílé kí ó wo òrùlé ọ̀pọ̀ ilé ìjọba láti òfurufú. Ẹni tí ó yí odó borí ni ìjọba tí ó ń lé ẹni tí ó gbé fóònù lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí sátẹ́láìtì ń wo àgbàlá rẹ̀ lókè.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé yìí kò sọ pé kí a pa ìkàléèwọ̀ fọ́tò rẹ́ pátápátá. Ó sọ pé ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó bá a rìn: ibi tí a mọ ààlà rẹ̀, òfin tí a lè dárúkọ, àti ète tí ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn níwájú adájọ́. Ìrírí Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé àìsí ti àkọ́kọ́ lè sọ odidi ìlú di ibi èèwọ̀. Ìrírí Nàìjíríà fi hàn pé òfin lè há níwọ̀n tí ó yẹ, kí ohun tí a ń ṣe ní ojú pópó sì gbòòrò jù ú lọ fíìfíì.

Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá pẹ̀lú. Pátákó tí a rì sí ẹnu bárékè ni màrìwò ayé òde òní, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń wà lára rẹ̀, kì í sì í dárúkọ òfin kankan. Bí a bá kọ abala kejì òfin ọdún 1962 àti abala 36(12) ìwé òfin ilẹ̀ ní Yorùbá tí ó yé ọlọ́kadà àti ìyálọ́jà, tí a sì rí ọ̀rọ̀ tí ó ya àṣírí ìlú kúrò lára àṣírí òṣìṣẹ́ ìjọba, ará ìlú yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí. Ẹ̀ṣọ́ náà yóò mọ ibi tí àṣẹ tirẹ̀ pin sí.